Ṣé a lè fi ìmọ́lẹ̀ rí ìpẹtà tó wà lábẹ́ ọ̀dà láìha irin?

Olùtọ́jú-Táǹkì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Táǹkì omi ńlá kan tí wọ́n fi irin ṣe wà lábẹ́ àbójútó mi. Ògiri rẹ̀ nípọn tó mílímítà 10, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún sì nípọn tó nǹkan bíi máíkírómítà 300, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílímítà. Téèyàn bá dúró lókèèrè, kò ní rí ohunkóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n téèyàn bá sún mọ́ ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, yóò rí i pé ọ̀dà ibẹ̀ ti yọ ìléròrò wẹ́wẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ ju mílímítà 2 tàbí 3 lọ. Ọ̀kan nínú wọn ti bẹ́, omi pupa rúsúrúsú sì ti ṣàn láti ẹnu rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ó ti gbẹ mọ́ ara ògiri.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe la máa ń ha ọ̀dà kúrò ká lè wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Gbogbo ibi tí a bá ha la gbọ́dọ̀ tún kùn, bí a kò bá sì kùn ún bó ṣe yẹ, a ti la ọ̀nà fún omi níbi tí kò ti rí ọ̀nà gbà tẹ́lẹ̀. Mo ti kà pé àwọn kan ń fi kámẹ́rà àti lésà wá ìpẹtà láìfọwọ́ kan irin rárá. Ṣé irú àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè fi ìpẹtà hàn mí níbi tí ìléròrò kò tíì yọ? Ṣé wọ́n sì lè sọ bí irin tó ṣẹ́kù ṣe nípọn tó?

Onímọ̀-Ìmọ́lẹ̀

Ẹ kú àbójútó. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fìdí ohun kan múlẹ̀: ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú irin kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí, tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà láàárín nánómítà 400 sí 700, kì í wọ inú irin tó ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírómítà kó tó pòórá tàbí kó tó ta padà. Torí náà, kò sí kámẹ́rà tàbí lésà tó lè wo inú ògiri yẹn ní tààrà, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín pé tòun lè ṣe é, ẹ má ṣe gbà á gbọ́.

Ohun tí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ń wò ni ohun tí ìpẹtà ti ṣe sí nǹkan mìíràn. Àyè tí ìpẹtà ń gbà pọ̀ ju ti irin tó jẹ lọ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́fà, nípa bẹ́ẹ̀ ó ń ti ọ̀dà sókè, ojú ọ̀dà kò sì ní tẹ́jú mọ́. Ó ń yí àwọ̀ padà. Kì í jẹ́ kí ooru rìn bó ṣe ń rìn nínú irin tó dá ṣáṣá. Ó sì ń na ohunkóhun tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ni pé, èwo nínú àwọn àmì wọ̀nyí ni ẹ̀rọ rẹ ń wò, báwo sì ni àmì náà gbọ́dọ̀ ṣe tóbi tó kó tó rí i?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó sinmi lórí irú ọ̀dà tí ẹ lò. Ní ti ìkejì, ọ̀nà ooru nìkan ló sún mọ́ ọn, kò sì péye tó ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn ìnípọn irin.

Olùbẹ̀wò-Afárá

Mo fara mọ́ ohun tí Onímọ̀-Ìmọ́lẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ ká fo ojú lásán dá. Ẹ lọ síbi táǹkì náà nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa dání, kí ẹ sì fi í lé ara ògiri débi pé iná rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn gba ojú ọ̀dà lọ. Ìléròrò tí kò ga tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, tí ẹ kò lè rí ní ọ̀sán gangan, yóò ní òjìji gígùn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi rúlà sínú àwòrán náà, kí ẹ sì sàmì síbi tí ẹ dúró sí àti ibi tí iná wà, kí ẹ lè ya irú àwòrán kan náà nígbà tí ẹ bá padà wá. Àwòrán méjì tí a yà lọ́nà kan náà, tí oṣù mélòó kan wà láàárín wọn, máa ń sọ bí ìpẹtà ṣe ń yára tó, èyí tí ẹ̀rọ olówó ńlá tí a lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè sọ.

Ìlànà ISO 4628-3 wà fún kíka irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó pín ìpẹtà tó ti hàn lójú ọ̀dà láti Ri 0, níbi tí kò ti sí rárá, títí dé Ri 5. Nígbà tí ìpẹtà bá gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ojú ọ̀dà, ó ti di Ri 3, bó bá sì gba ìdá mẹ́jọ, ó ti di Ri 4. ISO 4628-2 sì wà fún ìléròrò ní tirẹ̀. Ẹ lo méjèèjì, kí ẹni tó máa ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn yín lè mọ ohun tí ẹ rí gan-an.

Àmọ́ o, ojú níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1967, afárá tí wọ́n ń pè ní Silver Bridge, tó dábùú odò Ohio ní Amẹ́ríkà, wó lulẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀, èèyàn 46 sì kú. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ já. Ìpẹtà àti ìnira ẹrù ló jọ mú kó sán díẹ̀díẹ̀ láti inú ojú ihò tí wọ́n fi so ó mọ́ èkejì rẹ̀, ibẹ̀ sì fara pa mọ́ débi pé kò sí ẹni tó lè rí i láìtú ìsopọ̀ náà palẹ̀. Lẹ́yìn jàǹbá yẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó mú kí àyẹ̀wò afárá di dandan káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ "a kò rí nǹkan kan" sínú ìwé àyẹ̀wò ni mo máa ń kọ ibi tí ojú mi kò dé síwájú rẹ̀.

Onímọ̀-Ooru

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà ooru dáadáa, torí òun ló bá ọ̀rọ̀ táǹkì yìí mu jù lọ.

Gbogbo ohun tó bá gbóná ló ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú wa kò lè rí. Láti ọdún 1800 la ti mọ̀ pé ó wà, nígbà tí William Herschel gbé òṣùwọ̀n ooru sí ẹ̀yìn ibi tí àwọ̀ pupa parí sí nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ti fọ́n ká, tó sì rí i pé ibẹ̀ gbóná. Kámẹ́rà tí à ń lò lónìí ń wo apá méjì nínú rẹ̀: láti máíkírómítà 3 sí 5, àti láti 8 sí 14.

Bí a bá tan iná alágbára sí ojú ògiri lójijì, ojú náà á gbóná, ooru á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú irin lọ. Níbi tí irin bá ti pé, ooru á máa rìn lọ títí á fi dé ẹ̀yìn ògiri. Níbi tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ooru á tètè kan ẹ̀yìn, kò ní rí ibi tó máa lọ mọ́, ojú ibẹ̀ á sì máa gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Àkókò tí èyí ń gbà ń pọ̀ sí i bí ìnípọn bá ṣe ń di ìlọ́po ara rẹ̀. Nínú irin bíi tiyín, tí ooru ń tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 12 níbùú-lóròó ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mílímítà 10 máa ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 8. Bó bá ti ṣẹ́ku mílímítà 6, ìṣẹ́jú àáyá 3 péré ni. Ìyàtọ̀ yẹn hàn gbangba nínú fídíò kámẹ́rà náà, òun la sì fi ń ṣírò ìnípọn tó kù.

Ti ìpẹtà tó wà lábẹ́ ọ̀dà tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ọ̀dà bá ti gbéra kúrò lára irin, afẹ́fẹ́ tàbí ìpẹtà gbígbẹ ló wà láàárín wọn, ooru kò sì tètè rí ọ̀nà gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ á tàn yòò nínú àwòrán ní kété tí a bá ti tan iná, kódà bí ìléròrò náà kò bá tíì ga tó ohun tí tọ́ọ̀ṣì lè fi hàn.

Ààlà rẹ̀ nìyí: ooru ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń wọ inú lọ. Torí náà, àbùkù tí kò bá fẹ̀ ju bó ṣe jìn sí ojú ògiri lọ á ṣòro láti rí. Ihò tóóró tó wà ní ẹ̀yìn ògiri, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2, kò ní hàn láti iwájú. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbára lé kámẹ́rà yìí fún irú ihò bẹ́ẹ̀ láé.

Olùtọ́jú-Táǹkì

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti wo ara páìpù dídán kan rí pẹ̀lú kámẹ́rà ooru, ohun tó sì hàn nínú rẹ̀ ni òjìji èmi fúnra mi. Ṣé ohun kan náà kò ní ṣẹlẹ̀ níbi táǹkì?

Onímọ̀-Ooru

Irin dídán ló fà á. Kì í tan ooru tirẹ̀ jáde dáadáa, ooru àwọn ohun tó yí i ká ló máa ń ta padà, títí kan ti ara ẹni tó dúró síwájú rẹ̀. Ọ̀dà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà ń tan ooru ara wọn jáde tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tó ṣeé ṣe jù lọ, torí náà ọ̀dà tí ẹ kò fẹ́ ha yẹn ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Lápá ti máíkírómítà 3 sí 5, ọ̀pọ̀ ọ̀dà tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá díẹ̀, débi pé kámẹ́rà lè rí ìpẹtà tó wà lábẹ́ wọn ní tààrà, láìjẹ́ pé a tan iná kankan.

Atọ́jú-Bàálù

Lápá ọ̀dọ̀ tiwa, alumíníọ̀mù la ń bá ṣiṣẹ́, èyí tí ń kó wa láyà jẹ jù lọ sì ni ibi tí awẹ́ méjì ti gun orí ara wọn tí a fi ríféètì dè wọ́n. Omi á wọ àárín wọn, ìpẹtà funfun á hù síbẹ̀, á sì máa ti awẹ́ òkè jáde láàárín ríféètì kan sí èkejì, títí ojú rẹ̀ á fi wú rọ́múrọ́mú bí ojú tìmùtìmù. Wíwú yẹn lè má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, ojú lásán kò sì ní rí i.

Wọ́n ṣe ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní D Sight ní Kánádà fún irú èyí. Iná á gba ara bàálù lọ sórí aṣọ kan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síbi tó ti wá, ìmọ́lẹ̀ náà á tún gba ara bàálù padà wá sínú kámẹ́rà. Nípa bẹ́ẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kéré jù lọ lójú irin á di dúdú àti funfun tó hàn kedere. Ohun kan ṣoṣo ló nílò, pé kí ojú náà máa dán. Bí kò bá dán, a máa ń fi nǹkan olómi nù ún kó lè dán fún ìgbà díẹ̀.

Ìdí tí a kì í fi fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàálù Aloha Airlines 243 ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1988. Ojú ibi tí awẹ́ ti gun awẹ́ ti tú, ìpẹtà ti wọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ ihò àwọn ríféètì ti sán, apá òkè bàálù náà sì fò lọ nígbà tó wà lójú òfuurufú. Òṣìṣẹ́ inú bàálù kan kú, àwọn awakọ̀ sì gbé ìyókù balẹ̀.

Olùtọ́jú-Táǹkì, mi ò rò pé D Sight ló yẹ yín, torí ògiri mílímítà 10 kò ní wú. Ọ̀dà ló ń wú níbi tiyín, tọ́ọ̀ṣì tí Olùbẹ̀wò-Afárá sọ yẹn sì ti tó fún un.

Ọ̀dà-àti-Irin

Kò sí ẹni tó tíì sọ̀rọ̀ nípa omi pupa tó ti gbẹ mọ́ ògiri yẹn, bẹ́ẹ̀ òun lẹ̀rí tó wà níta tẹ́lẹ̀. Oríṣiríṣi ni ìpẹtà irin. Lepidocrocite sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, bí ọjọ́ bá sì ti ń pẹ́, goethite á máa pọ̀ sí i. Níbi tí atẹ́gùn kò ti dé dáadáa, magnetite dúdú lẹ máa rí. Akaganeite ló sì yẹ kó mú yín sáré, torí inú iyọ̀ ló ti ń hù, iyọ̀ yẹn sì ni kì í jẹ́ kí ìpẹtà dáwọ́ dúró.

Ọ̀nà tí C. V. Raman ṣàwárí ní ọdún 1928, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1930, la fi ń dá wọn mọ̀. A máa ń tan lésà sí ìpẹtà, a ó sì wo bí àwọ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó padà wá ṣe yí. Lepidocrocite ní àmì tó lágbára ní nǹkan bíi 250 lórí òṣùwọ̀n tó ń sọ bí àwọ̀ náà ṣe yí tó, goethite ní nǹkan bíi 385, hematite, tóun náà jẹ́ irú ìpẹtà kan, sì ní tirẹ̀ ní 225 àti 290. Ẹ̀rọ tí a lè gbé lọ́wọ́ wà fún un báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ agbára lésà náà o. Bó bá pọ̀ jù, ooru rẹ̀ á sọ lepidocrocite àti magnetite di hematite níbi tí ẹ ti ń wò ó, ẹ ó sì kọ orúkọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ sínú ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó kéré jù lọ, kí ẹ wo ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí èsì kejì bá sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ dín in kù sí i.

Onímọ̀-Ìmọ́lẹ̀

Ìmọ̀ràn pàtàkì nìyẹn. Mo fẹ́ fi ọ̀nà terahertz kún un, ìyẹn ìgbì tó wà láàárín ti rédíò àti infrared. Ó ń gba inú ọ̀pọ̀ ọ̀dà kọjá, ó sì ń ta padà pátápátá bó bá kan irin. Bí ìgbì náà bá ń rìn nínú ọ̀dà yín ní ìdá kan nínú 1.7 eré tó ń sá nínú òfuurufú, àlọ àti àbọ̀ nínú máíkírómítà 300 yóò gbà á ní píkósẹ́kọ́ńdì 3.4, ẹ̀rọ náà sì lè wọn àkókò kékeré bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìpẹtà bá wà láàárín ọ̀dà àti irin, ìró àbọ̀ náà á yí padà, yálà kó pẹ́ sí i tàbí kó rẹlẹ̀. Irú ọ̀dà wo lẹ fi ṣe ìpìlẹ̀?

Olùtọ́jú-Táǹkì

Ọ̀dà tí ìyẹ̀fun síǹkì kún inú rẹ̀ ni. Òun ló fara kan irin, ọ̀dà epoxy wà lórí rẹ̀, ọ̀dà ìkẹyìn sì wà lókè.

Onímọ̀-Ìmọ́lẹ̀

A jẹ́ pé terahertz kò ní wúlò fún yín. Síǹkì yẹn jẹ́ irin, ìgbì náà á sì ta padà lójú rẹ̀ láì dé ògiri rárá. Yóò lè sọ bí epoxy ṣe nípọn tó, àti bóyá ó ti gbéra kúrò lórí síǹkì, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohunkóhun nípa ìpẹtà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nǹkan kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí apá máíkírómítà 3 sí 5 tí Onímọ̀-Ooru sọ pé ó lè ríran gba inú ọ̀dà kọjá. Ẹ padà sórí iná àti ooru, torí ìyẹn kò bìkítà fún síǹkì.

Okùn-Fáíbà

Fún ibi tí ọwọ́ àti kámẹ́rà kò lè dé, bí abẹ́ táǹkì tàbí inú kọnkéré, okùn fáíbà, ìyẹn okùn gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ló lè ṣe é. Láti ọdún 1978, nígbà tí Kenneth Hill àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà rí i pé ìmọ́lẹ̀ lè kọ ìlà sínú fáíbà, a ti lè ṣe é kí àyè kékeré kan nínú fáíbà máa dá àwọ̀ kan ṣoṣo padà, tó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi nánómítà 1550. Bí ìpẹtà bá na ibẹ̀, àwọ̀ náà á yí padà. Fún nínà tí kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù gígùn rẹ̀ lọ, ó ń yí ní píkómítà 1.2.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ooru náà ń yí i, nǹkan bíi píkómítà 10 fún dígírì kan. Ìyẹn ni pé bí ojú ọjọ́ bá fi dígírì 20 gbóná sí i, fáíbà náà á sọ pé irin ti nà ju bí ìpẹtà ọ̀pọ̀ oṣù ṣe lè nà án lọ. A gbọ́dọ̀ máa fi fáíbà kejì tí a kò so mọ́ irin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó máa ka ooru nìkan, ká sì máa yọ tirẹ̀ kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín láìsí fáíbà kejì, ẹ dá a padà.

Olùbẹ̀wò-Afárá

Ohun kan ń kọ mí lóminú nínú ìjíròrò yìí. À ń sọ̀rọ̀ bíi pé kámẹ́rà ooru máa parí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ Onímọ̀-Ooru fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò lè rí ihò tóóró, ihò tóóró ló sì máa ń lu táǹkì. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì àti ooru wá ibi tó yẹ kí ẹ fura sí, kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ ìró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìró òde òní ń wọn irin láti orí ọ̀dà, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀dà bá ṣì lẹ̀ mọ́ irin dáadáa. Níbi tí ó bá ti gbéra nìkan lẹ máa ha, ibẹ̀ sì ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ kò pàdánù ohunkóhun.

Onímọ̀-Ooru

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ha ibi kéékèèké wọ̀nyẹn tán, ẹ lè fi ẹ̀rọ tó ń tan ìlà lésà sí ojú irin wọn bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó. Ó yá ju kéèyàn máa fi abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, àwòrán rẹ̀ á sì wà fún ìfiwéra nígbà mìíràn.

Olùtọ́jú-Táǹkì

Ohun tí a máa ṣe gan-an nìyẹn. A máa kọ́kọ́ lo tọ́ọ̀ṣì ní alẹ́, lẹ́yìn náà a máa yá kámẹ́rà ooru. Ṣé a gbọ́dọ̀ tú omi inú táǹkì dànù kí a tó lò ó?

Onímọ̀-Ooru

Ẹ má tú u, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tó dé. Omi tó wà lẹ́yìn ògiri máa ń gba ooru mọ́ra. Lápá ìsàlẹ̀, níbi tí omi wà, ooru tó bá dé ẹ̀yìn irin á bọ́ sínú omi dípò kó dúró, torí náà ibi tí irin ti fẹ́lẹ́ lè má gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, ó tilẹ̀ lè tètè tutù jù ú lọ. Lápá òkè tí kò sí omi, àmì náà á rí bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí omi parí sí lè ka irin tó dá ṣáṣá sí èyí tó ti bàjẹ́. Ìléròrò ọ̀dà ní tirẹ̀ á gbóná lápá méjèèjì, torí ooru kò tíì dé inú irin kó tó dúró.

Ẹ ṣe é lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ tó wákàtí mélòó kan, kí ooru ọ̀sán lè kúrò lára ògiri. Ẹ lo iná halogen tí ẹ lè máa tàn kí ẹ sì máa pa ní ìwọ̀n àkókò kan náà léraléra, torí iná fíláàṣì ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà gbé ooru tó pọ̀ tó wọ inú irin mílímítà 10. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, níbi tí ìléròrò yẹn wà. Irin ibẹ̀ nípọn ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, torí náà yóò pẹ́ kó tó gbóná, á sì hàn bí ìlà tútù gbọọrọ nínú àwòrán. Bí ẹ bá rí i pé ìlà yẹn já ní ojú kan, tí ibẹ̀ sì ń gbóná ṣáájú ìyókù, ojú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìró sí.